Atọ́ka máòsì ń dá rìn, antivirus ní òun ò rí nǹkan kan: ta ló wà nínú kọ̀ǹpútà màmá mi?

Àlàní_T

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká màmá mi ni, Windows 11 ló wà lórí rẹ̀. Alẹ́ àná ni wọ́n pè mí pé kí n wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan, àmọ́ atọ́ka máòsì ń rìn níṣojú wọn. Ó ṣí búráúsà, ó wọ inú ímeèlì wọn, ó tẹ "bank" síbi tí wọ́n ti ń wá lẹ́tà, ó wá ń ṣí àwọn lẹ́tà náà níkọ̀ọ̀kan. Bí màmá ṣe gbé ọwọ́ lé máòsì báyìí, gbogbo ẹ̀ dúró wá.

Mo ti fi Windows Defender, antivirus tó bá Windows wá, yẹ̀ ẹ́ wò. Quick scan ni mo ṣe, ó ní kò sí ewu kankan. Mo wo àwọn ètò tó wà lórí rẹ̀ nínú Settings, mi ò rí AnyDesk, mi ò rí TeamViewer, àwọn ètò tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè. Ṣé ẹ̀rù lásán ló ń bà mí ni, àbí ẹnìkan wà níbẹ̀ lóòótọ́? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Atúnṣe

Àlàní, kí o tó ka èyí tó kù, já kọ̀ǹpútà yẹn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pa Wi-Fi rẹ̀. Tó bá jẹ́ wáyà ni wọ́n fi so ó, yọ wáyà náà. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ láti òkèèrè, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbà wọlé. Tí ọ̀nà bá ti dí, ètò tó gbé síbẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ lọ, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ò ní rí nǹkan kan mọ́.

Ìkejì, kí ẹnikẹ́ni má tẹ páásíwọ́ọ̀dù sórí ẹ̀rọ náà mọ́, kódà kó jẹ́ láti yí i padà. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á sáré lọ yí páásíwọ́ọ̀dù báńkì lórí ẹ̀rọ tí olè ṣì wà nínú rẹ̀, ètò tó ń ka gbogbo bọ́tìnnì tí wọ́n bá tẹ̀ á sì gbé tuntun náà lé olè lọ́wọ́. Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn tó mọ́ ni kí ẹ lò. Ímeèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yí, torí ibẹ̀ ni gbogbo àkáǹtì yòókù máa ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí tí èèyàn bá ní òun ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà, báńkì. Kí ẹ wá tẹ ibi tí wọ́n ti ń lé gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú àkáǹtì jáde. Ẹni tó bá ti jí cookies inú búráúsà, àmì tí ìkànnì fi ń rántí pé ẹ ti wọlé, lè jókòó sínú àkáǹtì yín láì mọ páásíwọ́ọ̀dù rárá, yíyí páásíwọ́ọ̀dù nìkan kì í sì í fi gbogbo ìgbà lé e.

Ṣe méjèèjì yìí kí o tó padà wá.

Kọ́lá99

Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká kọ́kọ́ pariwo olè. Touchpad tó dọ̀tí tàbí tó ní omi lára, máòsì aláìníwáyà tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ, dráífà tí kò bá ẹ̀rọ mu, gbogbo wọn ló lè mú atọ́ka máa rìn kiri. Mo ti rí ẹni tó pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ́ nítorí touchpad tó bàjẹ́.

Atúnṣe

Kọ́lá, òótọ́ lo sọ, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Àmọ́ wo ohun tí Àlàní kọ dáadáa. Atọ́ka tó ń rìn nítorí àbùkù ẹ̀rọ kì í mọ ibi tó ń lọ: á máa gbọ̀n, á fò, á sún lọ sí igun kan kó dúró síbẹ̀. Èyí lọ sínú ímeèlì, ó kọ "bank", ó ń ṣí lẹ́tà, ó sì dúró nígbà tó rí i pé ẹni tó ni ẹ̀rọ ti dé. Touchpad tó bàjẹ́ kì í kọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé bí atọ́ka ò bá rìn, ìyẹn ò ní kéèyàn fọkàn balẹ̀. Àwọn ètò kan wà tó ń ṣí ojú iṣẹ́ mìíràn tí ẹni tó ni ẹ̀rọ ò lè rí, ibẹ̀ ni olè á ti máa ṣe tirẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin ń kọ lẹ́tà yín lọ. Àwọn tí ìdààmú wọn jọ ti Àlàní kàn ṣe kòńgẹ́ olè tí kò fara pamọ́ ni.

Àṣàkẹ́_M

Kí ló dé tí ẹ ò kàn ní kí wọ́n fi antivirus mìíràn sí i? Malwarebytes wà, ESET Online Scanner wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tí ọ̀kan ò rí, èkejì á rí i.

Atúnṣe

Àṣàkẹ́, ẹ fi sí i, kò burú. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni kí èèyàn rí "kò sí ewu kankan" kó sì lọ sùn.

Láyé àtijọ́, ètò tí olè fi ń darí ẹ̀rọ èèyàn jẹ́ ohun tí wọ́n dìídì kọ fún iṣẹ́ ibi. Back Orifice jáde ní 1998, Sub7 tẹ̀ lé e ní 1999. Lẹ́yìn wọn ni DarkComet, njRAT, Remcos, AsyncRAT àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Wọ́n ta àwọn kan nínú wọn ní gbangba bí irinṣẹ́ tí èèyàn fi ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Ní 2014, àwọn agbófinró orílẹ̀-èdè púpọ̀ kọ lu àwọn tó ń ta Blackshades àti àwọn tó ń rà á. Ní 2019, àwọn ọlọ́pàá Ọsirélíà ló ṣáájú nígbà tí wọ́n ti Imminent Monitor pa. Irú ìwọ̀nyí, antivirus mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, àfi tí wọ́n bá pa wọ́n láró dà dáadáa.

Àmọ́ ọ̀nà tó wọ́pọ̀ nísinsìnyí yàtọ̀. Wọ́n á mú ètò gidi tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti òkèèrè, irú bíi AnyDesk, ScreenConnect, NetSupport, wọ́n á gbé e wọlé láì jẹ́ kí ẹni tó ni ẹ̀rọ mọ̀. Ilé iṣẹ́ gidi ló ṣe é, ìbuwọ́lù ilé iṣẹ́ náà wà lórí rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí alágbẹ̀dẹ olóòótọ́ rọ ni. Bí ẹ bá bi antivirus léèrè bóyá kọ́kọ́rọ́ náà jẹ́ ayédèrú, ó lè dá yín lóhùn pé rárá, òótọ́ ló sì sọ. Ọwọ́ ẹni tó wà ni kò mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wá ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta fúnra mi: kí ló ń dá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ? Inú fóldà wo ló wà? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀ lóde?

Dòtun_Wáyà

Ẹ̀gbọ́n, èyí tó kẹ́yìn yẹn yá. Kí Àlàní ṣí Command Prompt bí alábòójútó, kó tẹ:

netstat -abno

Á rí gbogbo ètò tó so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́sì tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, àti PID wọn, nọ́ńbà tí Windows fún ètò kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́. Láì ṣí i bí alábòójútó, lẹ́tà b inú àṣẹ yẹn ò ní ṣiṣẹ́. Kó máa wo pọ́ọ̀tù àjèjì, ìyẹn nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ìsopọ̀ ń gbà: 5552 jẹ́ ti njRAT, 1604 ti DarkComet, 4782 ti Quasar.

Atúnṣe

Dòtun, o ṣeun, àṣẹ náà dára. Ohun méjì péré. A ti já ẹ̀rọ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà netstat ò ní ní ohun púpọ̀ láti fi hàn, mi ò sì ní sọ pé kí wọ́n dá a padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún olè nítorí àtiwò. Ìkejì, àwọn pọ́ọ̀tù tí o kà yẹn ni ètò náà máa ń bá wá látilẹ̀, olè sì lè yí i sí èyí tó bá wù ú. Èyí tó pọ̀ jù tí mo ń rí ń gba 443, pọ́ọ̀tù kan náà tí gbogbo ìkànnì gidi ń lò. Ẹni tó bá ń wá nọ́ńbà àjèjì nìkan, á fo èyí tó lewu jù.

Ohun tó máa ń fu mí lára nínú netstat ni orúkọ ètò. RegAsm.exe, MSBuild.exe, InstallUtil.exe: Microsoft ló ni wọ́n, àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ló ń lò wọ́n. Lórí ẹ̀rọ ẹni tí kì í kọ ètò, kí ni ọ̀kan nínú wọn ń bá ẹnìkan sọ lóde ní gbogbo ìgbà? Ó ṣeé ṣe kí ohun mìíràn ti wọ inú awọ rẹ̀.

Àlàní, ìwọ lọ sórí kọ̀ǹpútà tó mọ́, gba Autoruns, ètò tó ń to gbogbo ohun tó ń dá bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ, sílẹ̀ láti ìkànnì Microsoft, ó wà lára àwọn irinṣẹ́ Sysinternals. Fi fláàṣì gbé e wá. Ṣí i bí alábòójútó. Lábẹ́ Options, tẹ Hide Microsoft Entries kí èrò tó wà lójú rẹ dínkù. Èyí tó bá kù, ka ibi tí fáìlì rẹ̀ wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá wà ní Program Files, sún un sẹ́yìn ná. Ohun tó bá wà nínú AppData, Temp tàbí ProgramData, dúró tì í.

Àlàní_T

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ti yí páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì àti ti báńkì lórí fóònù mi, mo sì ti lé gbogbo ẹ̀rọ jáde. Kọ̀ǹpútà ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo ṣe Autoruns. OneDrive wà níbẹ̀, Teams náà wà nínú AppData, ìyẹn fẹ́ dẹ́rù bà mí. Àmọ́ ọ̀kan wà lábẹ́ HKCU\Software\Microsoft\Windows\CurrentVersion\Run (ibi tí Windows ń kọ ohun tó ń dá bẹ̀rẹ̀ sí) tí mi ò mọ̀ rí. Fóldà rẹ̀ wà nínú AppData\Roaming, orúkọ fóldà náà jẹ́ lẹ́tà jákujàku tí kò ní ìtumọ̀, fáìlì tó ń ṣí ni client32.exe. Autoruns ní ìbuwọ́lù rẹ̀ dára, NetSupport Ltd ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ṣí fóldà náà: PCICL32.DLL, HTCTL32.DLL, NSM.LIC, remcmdstub.exe, client32.ini. Ṣé òun nìyẹn?

Atúnṣe

Òun nìyẹn.

NetSupport Manager jẹ́ ètò gidi, ó ti wà láti 1989, àwọn ilé ìwé àti ilé iṣẹ́ ń lò ó. Tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan ló fún màmá ní kọ̀ǹpútà náà, ǹ bá ní kí o kọ́kọ́ bi wọ́n. Àmọ́ ètò gidi máa ń wà ní Program Files, á sì hàn nínú Settings lára àwọn ètò tó wà lórí ẹ̀rọ. Kì í lọ lúgọ sínú fóldà tí orúkọ rẹ̀ ò ní ìtumọ̀.

Má pa nǹkan kan rẹ́ báyìí. Fi Notepad ṣí client32.ini, kí o kọ ohun tó wà níbẹ̀ síbí. Bo àdírẹ́sì mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ tẹ̀ ẹ́ wò.

Àlàní_T

Ó gùn díẹ̀, àmọ́ èyí tí mo rí tó jọ ọ̀rọ̀ nìyí:

silent=1
SysTray=0
DisableChat=1
DisableDisconnect=1
GatewayAddress=(mo ti bò ó):443

Atúnṣe

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ fara balẹ̀ wo ìlà márùn-ún yẹn, torí wọ́n sọ gbogbo ìtàn náà tán.

SysTray=0 ń pàṣẹ pé kí àmì ètò náà má hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. silent=1 ni pé kó ṣiṣẹ́ láì pariwo. DisableChat=1 pa ibi tí ẹni tó ni ẹ̀rọ ti lè bá ẹni tó ń darí rẹ̀ sọ̀rọ̀. DisableDisconnect=1 ni pé ẹni tó ni ẹ̀rọ ò lè já ìsopọ̀ náà. GatewayAddress ni ibi tí ẹ̀rọ náà ń lọ jẹ́ ìpè olè, pọ́ọ̀tù 443 ló sì ń gbà, bí mo ṣe sọ. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ kò nílò láti fi ara rẹ̀ pamọ́ fún yín báyìí. Antivirus lè wo ìbuwọ́lù orí client32.exe kó sì jẹ́ kó kọjá. Fáìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí ló sọ ohun tó wá ṣe.

Ya àwòrán rẹ̀ fún báńkì àti ọlọ́pàá, bóyá wọ́n á béèrè. Lẹ́yìn náà, ó yẹ ká mọ bó ṣe wọlé, torí ìyẹn ló máa sọ ìgbà tó wọlé. Ṣí regedit, ètò tí wọ́n fi ń wo àkọsílẹ̀ ìṣètò Windows, lọ sí:

HKCU\Software\Microsoft\Windows\CurrentVersion\Explorer\RunMRU

Ibẹ̀ ni Windows ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sínú àpótí Run sí, a, b, c, \1 sì máa ń wà ní ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àlàní_T

Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú powershell -w hidden, lẹ́yìn náà àdírẹ́sì ìkànnì kan, ìparí rẹ̀ ni wọ́n wá kọ "I am not a robot" sí.

Mo bi màmá. Wọ́n ní àwọn ń wá ibi tí wọ́n ti lè sọ PDF di Word lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú ìwé kan ní kí wọ́n fi hàn pé èèyàn ni wọ́n, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, lẹ́yìn náà Ctrl pẹ̀lú V, lẹ́yìn náà Enter. Ojú dúdú kan ṣí wìrì, ó sì pa. Wọ́n rò pé ó ti tán nìyẹn.

Àdùkẹ́_B

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá màmá wí o. Wọ́n ti kọ́ gbogbo wa láti tẹ ohunkóhun tí àpótí "èèyàn ni mí" bá ní ká tẹ̀, láti máa yan àwòrán kẹ̀kẹ́ àti iná ojú pópó. Àwọn olè náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé yẹn ló ti fi àṣẹ náà sínú clipboard (ibi tí ohun tí wọ́n bá kọ́pì ń wà) láì sọ fún wọn, Ctrl+V wulẹ̀ lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ "I am not a robot" tó wà ní ìparí ni wọ́n fẹ́ kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ rí, nítorí àpótí Run kéré, ìparí ohun tó gùn ló máa ń hàn níbẹ̀. PowerShell, ètò tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún Windows, tó wà níwájú á ti lọ sẹ́yìn.

Láti 2024 ni ọgbọ́n yìí ti gbòde kan, ClickFix ni wọ́n ń pè é. Ẹ sọ fún gbogbo àwọn òbí yín, àwọn ẹ̀gbọ́n yín, àwọn tẹ ń bá ṣiṣẹ́: kò sí ìkànnì tòótọ́ kankan tó máa ní kí ẹ tẹ Windows+R láti fi hàn pé èèyàn ni yín. Kò sí. Tí wọ́n bá ti rí ìlànà yẹn, kí wọ́n pa ojú ìwé náà dé.

Kọ́lá99

Mo gbà báyìí. Ó yá, ṣé kí ó kàn pa fóldà yẹn rẹ́, kí ó yọ èyí tó wà ní Run, ká lọ?

Atúnṣe

Kó tó ṣe ìyẹn, kí Àlàní ṣe ohun mẹ́ta. Kó ṣí PowerShell bí alábòójútó, kó tẹ:

Get-MpPreference | Select ExclusionPath

Kó tẹ net user láti wo bóyá orúkọ àjèjì wà láàárín àwọn tó ní àkáǹtì lórí ẹ̀rọ náà. Kó ṣí taskschd.msc, kó ka àwọn iṣẹ́ tó wà nínú Task Scheduler Library, ìpele àkọ́kọ́ gan-an, torí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń jù ú sí.

Àlàní_T

net user: kò sí àjèjì. Task Scheduler: ètò ìmúdójúìwọ̀n búráúsà àti OneDrive nìkan. ExclusionPath: C:\Users\(orúkọ màmá)\AppData. Màmá ò ṣe irú ẹ̀ rí, èmi náà ò ṣe é.

Atúnṣe

Ìyẹn ni ìdí tí Defender fi ní kò sí ewu. Wọ́n ti sọ fún un pé kó má wo inú AppData rárá, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì kó ẹrù wọn sí. Àṣẹ kan ṣoṣo ni, Add-MpPreference, PowerShell ló gbà á. Full scan tó o bá ṣe lórí èyí, á fo ibi tí olè wà.

Fún mi, ibí ni àríyànjiyàn ti parí. Ẹni tó rí àyè yí ètò ààbò padà ní agbára alábòójútó, ó sì ti wà níbẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ kan. A rí ohun kan. Mi ò lè búra fún ẹ pé òun nìkan ni. Pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí o tún fi Windows tuntun sí i.

Dòtun_Wáyà

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ní ètò iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ rẹ̀ tí kò ní lè rí gbà mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè tan ẹ̀rọ ní Safe Mode (Windows pẹ̀lú ohun tó pọn dandan nìkan) láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kó pa client32 nínú Task Manager tó bá ń ṣiṣẹ́, kó yọ ọ́ kúrò ní Run, kó pa fóldà rẹ́, kó yọ ExclusionPath yẹn kúrò. Lẹ́yìn náà kó ṣe Microsoft Defender Offline scan. Èyí ń pa ẹ̀rọ, ó ń tún un tàn, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí Windows fúnra rẹ̀ tó jí, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ni. Kó fi Microsoft Safety Scanner tàbí Malwarebytes tẹ̀ lé e. Safety Scanner ò wúlò mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 10, ẹ má lo èyí tó ti pẹ́ lórí fláàṣì. Tó bá wá padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó fi TCPView tàbí netstat máa ṣọ́ ọ.

Atúnṣe

Ìlànà rẹ tọ́, Dòtun, mo sì máa fún ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn ní ìmọ̀ràn kan náà. Àmọ́ kẹ́ni náà mọ̀ pé ohun tó mọ̀ ló yọ, kó má sì ṣe ọ̀rọ̀ báńkì lórí ẹ̀rọ náà títí á fi rí àyè tún un ṣe látilẹ̀. Ẹ̀rọ màmá Àlàní, ìwé àti fọ́tò ló wà lórí rẹ̀. Kí la wá ń dá sí?

Àlàní, kó àwọn ìwé àti fọ́tò sórí fláàṣì. Kọ́kọ́ jẹ́ kí Windows máa fi ìparí orúkọ fáìlì hàn: nínú File Explorer, View, Show, File name extensions. Láìsí ìyẹn, fọ́tò.jpg.exe á máa jẹ́ fọ́tò.jpg lójú rẹ. Má kó .exe, .scr, .js, .vbs, .lnk, .iso tàbí .docm kankan. Lórí kọ̀ǹpútà tó mọ́, fi Media Creation Tool ṣe fláàṣì Windows, kó tó 8 GB ó kéré jù. Má lo fláàṣì kan náà tó o kó ìwé sí, ó máa pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ ni. Tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ibi tí wọ́n máa fi Windows sí, pa gbogbo ìpín tó wà lórí dísìkì ẹ̀rọ náà rẹ́. Rí i dájú pé orí dísìkì kọ̀ǹpútà lo ti ń ṣe é o, kì í ṣe fláàṣì.

Àyọ̀_Máàkì

Ẹ jọ̀ọ́, Mac ni tèmi. Ṣé nǹkan báyìí lè ṣẹlẹ̀ síbẹ̀, ibo sì ni kí n wò?

Àdùkẹ́_B

Ó lè ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ lẹ nǹkan mọ́ inú Terminal dípò Run. Nínú System Settings, ẹ wo Login Items, lẹ́yìn náà Privacy & Security, ibi Screen Recording àti Accessibility: ètò tó bá fẹ́ rí ojú kọ̀ǹpútà yín tàbí darí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàyè níbẹ̀. Ẹ tún wo fóldà LaunchAgents tó wà nínú Library tiyín, àti LaunchAgents pẹ̀lú LaunchDaemons tó wà nínú /Library.

Ọ̀mọ̀wé_T

Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń wọ inú ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀ tí Windows tuntun ò ní lè lé wọn. Ṣé òótọ́ ni?

Atúnṣe

Òótọ́ ni pé ó wà. Ní 2018, ilé iṣẹ́ ESET tú àṣírí LoJax, tó ń gbé inú UEFI, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, lórí mọ́dábọọ̀dù fúnra rẹ̀, kò sí nídìí dísìkì rárá. Àwọn amí tó ń lépa ilé iṣẹ́ ìjọba ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń wá "bank" nínú ímeèlì màmá ò ní irú nǹkan yẹn lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ nù nítorí rẹ̀.

Àlàní_T

Ẹ̀yin ará, mo ti ṣe é. Windows tuntun ti wà lórí rẹ̀, àwọn ìwé ti padà síbẹ̀ lẹ́yìn tí Defender yẹ̀ wọ́n wò. Mo pe báńkì lórí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, wọ́n ní owó kankan ò jáde, wọ́n sì ti fún màmá ní káàdì tuntun.

Ohun kan ṣì ń ṣe mí ní kàyéfì. Báńkì ní àwọn fi lẹ́tà ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì màmá lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn pé ẹnìkan gbìyànjú láti wọlé. Màmá ò rí lẹ́tà kankan.

Àdùkẹ́_B

Ẹ yára wọ Settings inú ímeèlì náà. Ẹ wo ibi Filters, ẹ sì wo ibi Forwarding. Páásíwọ́ọ̀dù tuntun kì í pa ohun tí olè bá ti fi síbẹ̀ rẹ́, Windows tuntun náà ò sì kàn án, torí orí àkáǹtì ló wà.

Àlàní_T

Ẹ kú ojú lọ́nà! Filter kan wà níbẹ̀: lẹ́tà tó bá ti ní orúkọ báńkì màmá nínú, kó pa á rẹ́. Gbogbo ìkìlọ̀ báńkì wà nínú Trash. Mo ti yọ ọ́. Forwarding ò ní nǹkan kan. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi ń gba àkáǹtì padà ṣì jẹ́ ti màmá, mo sì ti fi ìfìdímúlẹ̀ ìgbésẹ̀ méjì sí ímeèlì náà.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n: ṣé kí n ṣe àkáǹtì tí kì í ṣe ti alábòójútó fún màmá lórí ẹ̀rọ náà? Ṣé ìyẹn ì bá ti dí wọn lọ́wọ́?

Atúnṣe

Ṣe é. Àmọ́ kí o mọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. NetSupport yẹn ì bá ṣì wọlé, nítorí AppData jẹ́ ti ẹni tó ń lo ẹ̀rọ, Run tó wà lábẹ́ HKCU náà jẹ́ tirẹ̀, kò sí èyí tó nílò àṣẹ alábòójútó nínú méjèèjì. Ohun tí wọn ì bá má lè ṣe ni ExclusionPath yẹn. Windows á béèrè páásíwọ́ọ̀dù alábòójútó, tí ìwọ nìkan mọ̀, màmá á pè ọ́, Defender ì bá sì ṣì la ojú sílẹ̀ sí fóldà náà.